Ẹnjiníà Ọ̀sẹ̀ Méjì

Bí ìgbéraga bá jẹ́ ẹrù, ọkọ̀ àjàgbé kan kò ní gbé ti Ọlábọ̀dé tán. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣájà fóònù ló ń tà ní Nasarawa Gwong, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní oníṣájà ti fa ìjà lẹ́sẹ̀. Ẹnjiníà Àgbáyé ni orúkọ tó fún ara rẹ̀. Ó ra kóòtù, ó ra táì, òtútù Jos sì gbè é, torí kò sẹ́ni tó lè ní kóòtù náà ti pọ̀ jù.

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó dìde, ó ní ayé ti lajú, ìtìjú ni kí wọ́n ṣì máa fi bírò kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun yóò kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò mọ gbogbo wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Nǹkan kékeré kan péré ló fẹ́ gbà: ipò akọ̀wé, tí Ìyáàfin Christianah ti wà fún ọdún méjìlélógún. Bàbá Ọládiípọ̀, alága wọn, ní kò burú, kó gbé e wá kí wọ́n rí i. Christianah kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Ohun tí Ọlábọ̀dé kò sọ ni pé ọjọ́ kejì lòun yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ilé kan wà ní Rayfield, lẹ́bàá adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀, tí wọ́n ti ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí ènìyàn lórí fún oṣù mẹ́ta gbáko. Hàúwà, olùkọ́ wọn, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí oníkálukú kọ ìlà kan péré tí kọ̀ǹpútà yóò fi kí i káàárọ̀. Wákàtí kan kọjá, ti Ọlábọ̀dé yadi. Hàúwà wò ó, ó ní àmì kékeré kan ló gbàgbé níparí ìlà.

"Àmì kékeré kọ́ ni iṣẹ́ àgbà," ni Ọlábọ̀dé wí. "Ohun ńlá ni mo bá wá."

"Ẹ má bínú, sà. Kọ̀ǹpútà kò mọ àgbà."

Láti ọjọ́ náà, ẹnu ló fi ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ìpàdé ku ọjọ́ mẹ́rin, òógùn bò ó nínú òtútù.

Ẹni tó jókòó tì í ni Zaynab, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Dadin Kowa, tí Hausa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ìyá rẹ̀ ń ta ànàmọ́ òyìnbó lápò lápò, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni Zaynab bá kọ ètò kan fún un ní Yorùbá. Bí èèyàn bá tẹ orúkọ ànàmọ́ àti iye ọjọ́ tí wọ́n ti wà á, ètò náà á sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Orúkọ, iye, ìdáhùn: kí ni ẹgbẹ́ tún ń wá? Ọlábọ̀dé yin ọmọbìnrin náà títí, ó ní òun fẹ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́ ni, Zaynab sì fún un. Kò kà á dé ìdajì. Ó pa "ànàmọ́" rẹ́ lókè, ó kọ "ẹgbẹ́" síbẹ̀; ó sọ "ọjọ́" di "ọjọ́ orí". Ó nà, ó yán, bí ẹni tó ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n fi iná gbé ojú kọ̀ǹpútà sára ògiri kí gbogbo ojú lè rí i. Ọlábọ̀dé tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní ti alága ni yóò ṣáájú. Ó tẹ orúkọ, ó tẹ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ògiri dáhùn gàdàgbà:

"Ọládiípọ̀: ó ti pẹ́ jù, ó ti ń jẹrà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpò kó tó ba àwọn tó kù jẹ́."

Ẹnì kan tún kà á sókè fún àwọn tí kò mú awò ojú wá. Ọlábọ̀dé ní ẹ̀rọ náà kò tíì gbóná. Ó tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò yí padà.

Christianah ló fọhùn, ó sì fi "ẹ̀yin" pọ́n ọn lé. "Ẹnjiníà, ẹ tẹ ti ara yín wò."

Ó fẹ́ kọ̀, ojú pọ̀. Ó tẹ ọdún méjìdínlógójì.

"Ọlábọ̀dé: ó ti ń hù. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ kí òjò tó dá."

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan di ìjókòó mú kí wọ́n má baà ṣubú. Bàbá Ọládiípọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọlábọ̀dé, ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ló pe àgbàlagbà ní ẹni tó ń jẹrà lójú àwọn ènìyàn rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ipò akọ̀wé lọ, Ẹnjiníà náà lọ. Kóòtù ń jó o lára.

"Rárá, Bàbá. Iṣẹ́ ọmọbìnrin kan ni mo jí. Ti ànàmọ́ òyìnbó ni. Èmi ò tíì mọ̀ ọ́n kọ."

Christianah gbójú sókè láti ibi tó ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra tún un sọ," ló wí. "Ibi 'mo jí' ni mo dé."