Òfin Awò Ìbọn, àti Bí Oko Ẹ̀gẹ́ Kan Ṣe Kúrò ní Améríkà Bọ́ sí Jámánì

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Tọmọdé tàgbà Ìdó-Omídùn, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán, kó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀, kó da omi sára kó jáde. Òfin kò ní dúró de ọṣẹ!

Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti jókòó. Wọ́n ti jíròrò. Wọ́n ti jẹun. Wọ́n tún ti jíròrò. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni. Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ igbó!

Gbogbo wa la mọ Ìyáàfin Fadérera, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti jẹ ìdajì oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ìdajì tó kù ni gàrí tí òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò máa mu títí òjò yóò fi tún rọ̀. Ó fẹjọ́ sùn ní ààfin pé òun kò fẹ́ ju kí ọdẹ kan yìnbọn pa wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Kò le, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ ìlú wa tó ń gbé òkèèrè dá sí i.

Ọ̀gbẹ́ni Akíngbadé ti Jámánì dé. Awò tó gbé lé orí ìbọn rẹ̀ láti máa fi wo ẹran lókèèrè tóbi lójú bí abọ́ ẹ̀kọ. Ó ní níbi tí òun gbé, wọn kì í tan iná sí ẹran lójú. Nítorí náà ni awò ṣe tóbi, kó lè ṣa ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ òṣùpá jọ. Ó ní bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ jọ̀ọ́, ẹlẹ́dẹ̀ igbó ṣì jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ igbó.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran ti Améríkà dé. Awò tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń yí lára rẹ̀ pọ̀ ju ti rédíò lọ. Ó ní ní ìpínlẹ̀ tí òun gbé, oòrùn ni ọ̀gá. Bí oòrùn bá wọ̀ tí ìdajì wákàtí sì kọjá, ọdẹ a kó ìbọn rẹ̀ lọ sílé, ì báà jẹ́ pé ẹran dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ó ní kí wá ni awò ńlá wà fún? Ó ní ìkòkò ni Akíngbadé ń gbé kiri. Akíngbadé ní ẹni tó ń lọ sùn nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ ń jókòó sídìí oúnjẹ, akọ̀wé ni, kì í ṣe ọdẹ.

Ìgbìmọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò fẹ́ ṣẹ Jámánì. Kò sì lè ṣẹ Améríkà, nítorí ọmọ Ọ̀tún Ọba ń dúró de físà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe òfin tí mo kéde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ kò gbọ́, mo ń tún un ké!

Òfin kìíní! Ìlà oòrùn odò Omídùn ti di Jámánì. Ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ ti di Améríkà. Ibi tí odò bá gbà, ibẹ̀ ni ààlà gbà. Mo tún un wí: ibi tí odò bá gbà!

Òfin kejì! Ní Jámánì, ọdẹ lè jókòó sórí pèpéle igi pẹ̀lú awò olójú ńlá, kó sì yìnbọn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Kò gbọdọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá tàn án, a ó jókòó tì í ní ààfin, a ó sì máa tan tọ́ọ̀ṣì sí òun náà lójú, kó lè mọ bó ṣe ń rí lára ẹran.

Òfin kẹta! Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá kú sí Jámánì, ọdẹ yóò ṣí fìlà fún un, yóò sì fi ewé tútù sí i lẹ́nu. Oúnjẹ ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn. Ìyáàfin Fadérera béèrè bóyá poro ẹ̀gẹ́ tó ti jẹ kò tó oúnjẹ ìkẹyìn. Ìgbìmọ̀ ní kó jókòó.

Òfin kẹrin! Ní Améríkà, ọdẹ yóò wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rò pé ẹran ni. Ọ̀tún Ọba ni yóò máa sọ ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Bàbá kò ríran dáadáa mọ́. Ìyẹn kò kan òfin.

Òfin karùn-ún! Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ń jẹun ní Améríkà lẹ́yìn àkókò wà lábẹ́ ààbò ìlú. Ọdẹ tó wà ní Jámánì kò gbọdọ̀ yìnbọn kọjá odò. Ó lè pè é. Bí kò bá dáhùn, kó fara mọ́ ọn.

Lákọ̀ọ́bí, ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ògiri yẹn, mo rí ọ o! Ọ̀rọ̀ ìlú kì í ṣe ẹ̀rín. Ó dára, tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n bo ẹnu.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀yìn òfin yọ. Améríkà ni oko Ìyáàfin Fadérera wà. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dúró kí oòrùn wọ̀, wọ́n á rọra gba inú igbó dídí Jámánì tí awò kò lè wọ̀ kọjá, wọ́n á wọ odò, wọ́n á gúnlẹ̀ sí Améríkà, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú ẹ̀gẹ́. Oyèníran ti wọ ẹ̀wù ọsàn rẹ̀ lọ jẹ ẹ̀bà. Akíngbadé wà lórí igi ní òdìkejì. Awò rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rí èyí tó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì jẹun láàrin wọn. Ó rí gbogbo rẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan kan.

Ìyáàfin Fadérera kò pariwo. Ó ránṣẹ́ sí àwọn tó ti kọ́ níwèé rí: bíríkìlà, télọ̀, pásítọ̀ kan. Wọ́n dé, wọ́n kí i pé ẹ kú iṣẹ́ oko, mà, ó sì na ọkọ́ sí wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò ti fà tán. Wọ́n dí i lókè, wọ́n la ọ̀nà tuntun fún un, odò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn oko náà kọjá, ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Báyìí ni oko ẹ̀gẹ́ ṣe jí sí Jámánì, láìsí físà!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Akíngbadé yìnbọn. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ tó dàgbà jù ṣubú. Ó ṣí fìlà. Ó fi ewé sí i lẹ́nu. Àwọn yòókù kò tíì padà wá.

Ìgbìmọ̀ bínú. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìyáàfin pé ta ló ní kó ṣí Jámánì nípò. Ó ní òfin sọ pé ibi tí odò bá gbà. Kò sọ pé ibi tí odò ti máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún òfin náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òfin, wọ́n ní, òfin ni.

Ṣùgbọ́n odò tuntun náà kò mú oko nìkan bọ́ sí Jámánì. Ó mú ilé Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ wa, àti ti àwọn ọdẹ mẹ́fà tó yí i ká. Gbogbo wọn ti di ará Jámánì. Akíngbadé wá sọ ohun kan tí kò tíì sọ láti ìbẹ̀rẹ̀: pé ní Jámánì, ọdẹ tí kò bá yege ìdánwò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn.

Nítorí náà, òfin tuntun! Kí Olúọdẹ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kó ìbọn wọn wá sí ààfin, títí wọn yóò fi yege. Ìyáàfin Fadérera nìkan ló ti ṣètò ìdánwò rí ní gbogbo Jámánì wa. Òun ni yóò ṣe é. Ìdánwò yóò wáyé lọ́jọ́ Sátidé ní oko rẹ̀, ní apá ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ tán. Kí olúkúlùkù mú ọkọ́ àti igi ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ dání. Ẹni tí ebè rẹ̀ kò bá ga, yóò tún ìdánwò ṣe lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Olúọdẹ ti béèrè bóyá òun lè rán ọmọ òun wá. Ìyáàfin ní rárá.

Ohun tí ààfin gbé lé mi lọ́wọ́ nìyí, n kò bu díẹ̀ jẹ níbẹ̀. Agogo mi ti dún. Ẹni tó bá ní òun kò gbọ́, etí rẹ̀ ni kó fẹjọ́ sùn. Mo ń sọdá odò lọ kéde lọ́hùn-ún. Ó di ọ̀nà Améríkà!