Akọ̀wé Fẹ́ Ra Oko Màlúù

Orúnkún opó kan kò gbé e mọ́, ló bá kéde pé òun fẹ́ ta oko màlúù tí òun àti olóògbé ọkọ òun fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ. Ó ń da omi sí ọpọ́n ìmumi àwọn ẹran láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀, akọ̀wé kóòtù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, já wọlé pẹ̀lú bírò mẹ́ta lápò àyà.

"Ìyàwó! Mo ti gbọ́ o. Má wulẹ̀ wá oníbàárà kiri mọ́. Èmi ni màá rà á."

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé ẹ ti sin màlúù rí?"

"Sin màlúù kẹ̀? Òkú èèyàn nìkan ni mo ti bá wọn sin."

"Sísìn ni mo wí, bíi ká bọ́ ọ, ká fún un lómi, ká tọ́jú ẹ̀."

"Ìyẹn le ni? Àwọn tí kò kàwé ń ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ ó sìn wọ́n láàárọ̀, ẹ ó sin wọ́n nírọ̀lẹ́."

Akọ̀wé ò gbọ́ ìyẹn. Ó ti yọ ìwé jáde. Màlúù kan ké gbọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Mélòó ló kú lọ́dún tó kọjá?"

"Ogóje ló kù."

"Ogóje ló kú!" Bírò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Ìyàwó, èyí kì í ṣe oko mọ́, itẹ́ òkú ni!"

"Ló kù, mo ní ló kù! Méjì péré ló kú."

"Ogóje, kí méjì tún kú lé e." Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. "Méjìlélógóje."

"Ọkọ mi, àwọn wo lẹ wá rò pé ó dúró síwájú yín yìí? Iwin?"

Akọ̀wé gbójú sókè, ó wo agbo ẹran náà, ó rọra pa ohun tó kọ rẹ́. Ó nawọ́ sí abo funfun kan tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi.

"Kí ni èyí ń jẹ? N ò rí nǹkan kan níwájú ẹ̀."

"Àpọ̀jẹ ló ń jẹ."

"Àpò? Ẹ ò rí koríko fún un ni?"

"Àpọ̀jẹ! Koríko tó ti gbé mì lówùúrọ̀ ló pọ̀ padà sẹ́nu, tó tún ń rún un."

"Ó pọ̀ ọ́, ó tún ń gbé e mì?" Ó yínmú. "Ẹ ti fàyè gba ìwàkiwà jù níbí. Lábẹ́ àkóso tèmi, aago mẹ́jọ ni wọ́n á máa jí. Tó bá di aago mẹ́rin, iṣẹ́ parí. Kò sí iṣẹ́ ní Sátidé àti Sọ́ńdè."

"Ta ló máa wá sọ fún wọn?"

"Màá lẹ ìwé mọ́ ara ògiri."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ̀ ẹ́ sókè jù, káwọn ọmọ màlúù náà lè rí i kà."

"O ṣeun, ó yẹ ká ronú nípa ìyẹn." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Opó náà gbé korobá omi kalẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi mú abo funfun yẹn bọ́ sí ọgbà kejì."

Akọ̀wé tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ìwọ! Dìde!"

Màlúù náà ń jẹnu lọ.

"Ṣé kò gbọ́ èdè ni?"

"Ó gbọ́. Kò kàn tíì rí ọ̀gá níbẹ̀ ni."

Inú bí Akọ̀wé. Ó lọ sẹ́yìn ẹran náà, ó fà á nírù dìde.

"Ẹ má dúró sẹ́yìn ẹ̀ o!"

"Ìwọ lo máa kọ́ mi níbi tí wọ́n ń dúró sí? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró sẹ́yìn adájọ́!"

"Adájọ́ kì í tàpá!"

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màlúù fò wẹ́rẹ́. Kí eruku tó rọlẹ̀, Akọ̀wé ti jókòó sínú ọpọ́n omi. Opó náà fìka lu korobá lẹ́ẹ̀mejì, abo funfun sì bá tirẹ̀ lọ sí ọgbà kejì wọ́ọ́rọ́wọ́.

Akọ̀wé ò dìde. Ó ń wo omi.

"Ìyàwó, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo bá sọ̀rọ̀ nílé, wọ́n á ní kí n jẹ́ káwọn gbọ́ rédíò. Mo ní ó kéré tán, màlúù á máa dá mi lóhùn."

Ojú opó náà rọ̀ díẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i, ó fà á jáde, ó fi etí ìró ara rẹ̀ nù ún lójú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ṣé ẹ ò ṣèṣe?"

"Rárá. Ó dáa, ṣé wàá tà á fún mi?"

"Mo ti tà á lánàá. Obìnrin tó máa ń bá wa gbẹ̀bí màlúù ló rà á."

"Lánàá!" Omi ń kán tó tó tó lára Akọ̀wé. "O ti tà á lánàá, o sì jẹ́ kí n máa rojọ́ látàárọ̀, kí n máa gba ìpá? Kí ló dé?"

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mo fẹ́ káwọn ẹran yìí fojú ara wọn rí ohun tí mo yọ wọ́n nínú ẹ̀ ni."