Ọkọ Tí Ń Fò Nínú Yàrá

Láyé ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Òǹdó, Yẹ́misí sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ayétòrò pé Ọládọ̀tun, tíṣà tí òun fẹ́ fẹ́ ní Arámọkọ, fò lọ sí Kánò lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì fò padà, láìjáde nínú yàrá rẹ̀. Kò dúró ṣe àlàyé. Ọkọ̀ Adó tí yóò gbé e padà síbi iṣẹ́ ti ń fọn fèrè. Àmín tí wọ́n ṣe sí àdúrà alẹ́ ọjọ́ náà le ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n rán Màmá Àpọ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, pé kí ó lọ ṣe ìwádìí, kí ó sì ṣe bí ẹni tó kàn yà kí ènìyàn. Bí ọmọkùnrin náà bá jẹ́ oṣó, kí ó tètè wá sọ, nítorí wọn kò tíì gba iṣu ìdána lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọyẹ́ mú gan-an ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Màmá jókòó sórí àga tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ọládọ̀tun dọ̀bálẹ̀, ó gbé omi àti ẹ̀pà wá. Màmá ní ààwẹ̀ ni òun wà. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára nǹkan kan tó wà lórí tábìlì ní igun yàrá, tí a fi aṣọ funfun bò. Kọ̀ǹpútà ni, tí Francis, ẹ̀gbọ́n Ọládọ̀tun, fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú eré tí a fi ń ya ọkọ̀ òfurufú, tí a sì ń wà á, nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kò rí kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀, wọ́n sì ti mú iná lọ láti àárọ̀.

"Kí ló wà lábẹ́ aṣọ funfun yẹn, ọmọ mi?"

"Òun ni mo fi ń fò, Màmá." Ojú Ọládọ̀tun là bí ojú ẹni tí a béèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀.

Màmá ti ọwọ́ bọ inú báàgì, ó di Bíbélì rẹ̀ mú. "O ń fò."

"Ní gbogbo ìgbà tí àyè bá gbà mí. Àfi ọjọ́ Ìsinmi, torí pé mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin."

"Ǹjẹ́ wọ́n mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé o ń fò?"

"Wọ́n mọ̀. Pásítọ̀ wa gan-an ti bá mi fò rí. Òòyì kọ́ ọ nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀."

Màmá ti ka pásítọ̀ náà mọ́ àwọn oṣó nínú ọkàn rẹ̀.

Ọládọ̀tun fa àga súnmọ́ ọn. Iṣẹ́ tíṣà ti mọ́ ọn lára, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kí ẹnì kan bi í ní ìbéèrè. Ó ní kí Màmá fara balẹ̀, òun yóò ṣe àlàyé láti ìpìlẹ̀, kí iná tó dé, kí òun wá fò níṣojú wọn.

"Má ṣe yọ ara rẹ lẹ́nu," ni Màmá wí.

"Kò sí ìyọnu níbẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ kan ni mo ń tún ṣe."

Etí Màmá ti ń retí ọ̀rọ̀ burúkú láti ilé, ohun tó sì ń retí ló gbọ́. "Ọkọ àtijọ́? Ọkọ àtijọ́ ta ni?"

"Ti àwọn òyìnbó ni. Wọ́n lò ó nígbà ogun Hítílà, lẹ́yìn náà wọ́n pa á tì."

"Ọkọ tí òyìnbó lò kù."

"Ọkọ̀, Màmá. Ọkọ̀ òfurufú, bàálù alábẹ̀bẹ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó ka irú rẹ̀ sí mọ́. Èmi ni mo jí i dìde."

"O jí i dìde."

"Díẹ̀díẹ̀ ni. Ìrù rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni mo ṣe ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì. Imú rẹ̀ ló pẹ́ lọ́wọ́ mi jù."

"Ó ní ìrù, ó ní ìyẹ́."

"Ìrù ló fi ń jókòó. Bí àwọn ti àtijọ́ ti rí nìyẹn: wọ́n á fi ìrù jókòó, wọ́n á gbé imú sókè. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í rí iwájú nígbà tó bá wà nílẹ̀, àfi kó máa yọjú wo ẹ̀gbẹ́."

"Ẹgbẹ́ wo?"

"Ẹ̀gbẹ́ ni mo wí, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun tí ẹ rán mi létí. A ní ẹgbẹ́. Ọ̀kan nínú wa wà ní Kánádà, àwọn mìíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Francis. A kì í fojú kan ara wa, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan bá mọ̀, gbogbo wa la ó mọ̀ ọ́n."

"Ta ló mú ọ wọ̀ ọ́?"

"Francis ni."

"Ọmọ ìyá kan náà ni yín?"

"Ìyá kan, bàbá kan."

Màmá mi orí bí ẹni tó rí ibi tí odò ti ṣàn wá. Ó bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé kí ni nǹkan náà ń jẹ.

"Kì í jẹun, Màmá. Epo ló ń mu."

"Mo mọ̀ pé epo ni yóò jẹ́."

"Ó ń mu ún púpọ̀, ó sì ń jò. Èmi ni mo mú kó máa jò, nítorí pé àwọn gidi náà máa ń jò. Ẹni tó bá tún un ṣe tí kò jò, irọ́ ló pa."

Màmá bojú wo ilẹ̀ abẹ́ tábìlì bóyá yóò rí epo. Kò rí nǹkan kan, ìyẹn sì tún bà á lẹ́rù sí i. Ó wá bi í ní ìbéèrè tó gbé e rìn láti Ayétòrò.

"Ìwọ nìkan ló máa ń lọ, àbí o máa ń gbé ènìyàn?"

"Èmi nìkan ni, bí kì í bá ṣe ọjọ́ tí Yẹ́misí wá kí mi."

Màmá dìde dúró. "O ti gbé ọmọ wa."

"Ọ̀sán ni, Màmá, mo gbà á láyè kí ó wà á fúnra rẹ̀. Ó fi orí wa gbá òkè Ẹ̀fọ̀n."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"A kú," ni Ọládọ̀tun wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "A sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Màmá rọra fa Bíbélì yọ. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì dẹ̀. "Ọládọ̀tun, mo ń bi ọ́ bí ìyá tó bí ọ. Yẹ́misí nìkan ni ọmọbìnrin tí àbúrò mi bí. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o ti pa ènìyàn jẹ?"

Ọládọ̀tun ya ẹnu. Kí ó tó dáhùn, gílóòbù tanná lókè, rédíò ẹni tó wà ní yàrá kejì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti àárín ìròyìn. Ó sáré ká aṣọ funfun kúrò, ó tẹ nǹkan kan. Màmá di ojú méjèèjì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó la ọ̀kan.

"Tẹlifíṣọ̀n ni," ni ó wí.

"Kọ̀ǹpútà ni, Màmá. Ó fara jọ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wò ó, bàálù náà rèé."

Màmá súnmọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ǹjẹ́ nǹkan náà máa ń kúrò lórí tábìlì? Kì í kúrò. Ǹjẹ́ nǹkan kan máa ń gba ojú fèrèsé jáde? Rárá. Kánò ńkọ́? Àwòrán ni. Ikú tí òun àti Yẹ́misí kú ńkọ́? Àwòrán ló kú. Màmá mí kanlẹ̀. Ó fi àga ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó wá jókòó ti tábìlì, ó gbé ife omi, ó mu ún tán.

"Ààwẹ̀ ńkọ́, Màmá?"

"Ó ti parí. Gbé ẹ̀pà yẹn súnmọ́ mi. Jẹ́ kí n rí i bí ó ti ń fò."

Ọládọ̀tun tẹ bọ́tìnnì. Abẹ̀bẹ̀ kan yí díẹ̀, ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Bàálù náà wúkọ́, ó tu èéfín, ó dákẹ́.

"Kí ló ṣe é?"

"Ọyẹ́ ni. Àwọn gidi kì í tètè jí nínú ọyẹ́, òun ni mo ṣe fi ìyẹn náà sí i."

"Abẹ̀bẹ̀ wo ló wà nímú rẹ̀ yẹn?"

"Òun ló ń fà á lọ."

"Òtútù ń mú un, o sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Báwo ni yóò ṣe jí?"

Ọládọ̀tun fẹ́ ṣe àlàyé, ó rò ó wò, ó fi í sílẹ̀. Màmá ń jẹ ẹ̀pà, ó ń wò ó. Ó ní ohun kan ṣì ń rú òun lójú.

"Ìwọ lo ṣe é, àbí? O lè ṣe èyí tó ń jí wéré, tí kò jò, tó sì ń ríran níwájú. Kí ló dé tí o fi gbogbo wàhálà yìí sí i lára?"

"Bí mo bá yọ wàhálà rẹ̀ kúrò, Màmá, kì í ṣe òun mọ́. Òmíràn ni yóò jẹ́. Òun gan-an ni mo fẹ́."

Màmá dá ẹ̀pà dúró lẹ́nu.

"Yẹ́misí náà kì í jí bọ̀rọ̀ nínú ọyẹ́."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

"Bí kò bá tíì bọ́jú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kìlọ̀ fún mi."

"Ó dára. Rọra bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọládọ̀tun fún un ní epo díẹ̀, ó dúró, ó tún fún un. Abẹ̀bẹ̀ òsì wúkọ́, ó mú. Ti ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ariwo rẹ̀ dà bí ti ẹ̀rọ ìlọta. Ìrù rẹ̀ gbéra nílẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ gbéra. Ọ̀nà kan hàn nísàlẹ̀ bí okùn, Ọládọ̀tun sì ní ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ni, òun fúnra òun ni òun yà á, pẹ̀lú àwọn òkè rẹ̀.

"Yà sí Ayétòrò," ni Màmá wí. "Mo fẹ́ rí ulé wa."

Ọwọ́ Ọládọ̀tun dúró. "Ayétòrò kò tíì sí, Màmá."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Koríko ni, fún ìgbà díẹ̀."

"Koríko. O ya òkè tí ẹ ti kú, o kò ya ulé tí o ti fẹ́ mú ìyàwó."

Ọládọ̀tun dọ̀bálẹ̀ pátápátá, ó ní kí wọ́n dárí ji òun, kí ọ̀sẹ̀ tó parí ulé á ti wà níbẹ̀. Màmá ní kí ó má gbàgbé igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé, kí ó sì fi òun sábẹ́ rẹ̀. Bàálù kò dúró gbọ́. Òkè Ẹ̀fọ̀n ti ń tóbi bọ̀, Ọládọ̀tun fò dìde, ó fà á sókè, orí òkè kọjá lábẹ́ ìrù rẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Bí Màmá ti ń pàtẹ́wọ́, gílóòbù kú. Ojú kọ̀ǹpútà di ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan, ẹyọ náà sì parẹ́.

"Níbo ló wà báyìí?" ni Màmá béèrè.

"Kò sí mọ́, Màmá. Àfi ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Màmá bá a tẹ́ aṣọ funfun náà padà, ó tún etí rẹ̀ ṣe dáadáa. Ìgbà yìí ló wá sọ ohun tó gbé e wá àti ohun tí gbogbo ilé rò. Ọládọ̀tun rántí ọ̀rọ̀ tó ti sọ láti ọ̀sán, láti orí pásítọ̀ dé orí epo, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ó sọ fún wọn nílé?"

Màmá gbé báàgì rẹ̀, ó kó ẹ̀pà tó kù sínú rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"N ó sọ fún wọn pé òótọ́ ni, o ń fò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gba iṣu lọ́wọ́ rẹ. Oṣó tí kò lè fò àfi bí àwọn oníná bá gbà fún un, ta ni yóò rí pa jẹ?"