Bí Mo Ṣe Di Ọkọ Obìnrin Emùré ní Kóòtù Ìkẹ́rẹ́

Bí mo bá dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi pàápàá, ọjọ́ tí mo lọ gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ìwé ọ̀hún kì í ṣe tèmi o! Àpọ́n ni mí nígbà náà, n kò tíì gbé ìyàwó rí, áńbọ̀sí kí n kọ̀ ọ́. Ti Àdùkẹ́ ni, obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́.

Wolé-wolé ni mí ní Ìsẹ̀, láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa láyé mọ̀ wá: a ó wọ ṣòkòtò péńpé tó gún régé, a ó yọjú sí àgbàlá onílé, àwọn ìyá ilé yóò sì máa sá káàkiri láti bo ìkòkò omi. Mo gbéra ga nígbà náà, kí ni n ó purọ́ sí? Àdùkẹ́ nìkan ni obìnrin tí mo bá tanwíjí nínú ìkòkò rẹ̀ tí kò bẹ̀ mí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ bù mu ni?" Ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti lọ.

Àdùkẹ́ ti lọ́kọ rí ní Ìkẹ́rẹ́. Kóòtù ti tú wọn ká kí n tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìwé tí wọ́n fún un bá ilé ìyá rẹ̀ jóná. Kátíkíìsì ìjọ wa wá fárí gá, ó ní bí òun kò bá fojú rí ìwé náà, òun kò ní kéde ìgbéyàwó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀. Èyí tó tún wá bà mí lẹ́rù ni ti ìyá Àdùkẹ́. Ìyá ní bí ọjọ́ Sunday yẹn bá kọjá láìsí ìkéde, òun yóò fa ọmọ òun fún àgbẹ̀ oníkòkó kan ní ìlú Ọ̀run nítòsí wa, ẹni tí kì í bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́ látìgbà tí mo ti gbọ́.

Mo bi Àdùkẹ́ pé, "Kí ni orúkọ ọkọ rẹ àná, kí n lè sọ fún wọn ní kóòtù?"

"Eyínfúnjowó ni."

"Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni mò ń bèèrè."

Ó kọjú sí ògiri. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fún wọn ní orúkọ tuntun. Ṣùgbọ́n mo rò pé bí ìgbéyàwó bá ti tú, orúkọ náà tú nìyẹn. "Ẹnu tí mo fi ń kí i níkùúnlẹ̀," ni Àdùkẹ́ wí, "ẹnu yẹn náà ni n ó wá fi ké orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe ajá? Ẹ sọ Eyínfúnjowó fún wọn, wọ́n á mọ̀ ọ́n." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé kò sí agbo ilé ní gbogbo Èkìtì tí kò ní Eyínfúnjowó tirẹ̀, bí eyín èèyàn bá ṣáà ti funfun díẹ̀.

Bí mo ṣe dé Ìkẹ́rẹ́, ọjọ́ ìjókòó kóòtù ni. Èrò kún títí dé ìta. Mo wọ ẹ̀wù funfun tí mo lọ̀, mo lọ bá akóòdá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wúkọ́ bí ọ̀gá, mo ní, "Ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ Eyínfúnjowó ni mo bá wá."

Hà! Akóòdá gbá mi lọ́wọ́ mú bí ẹni rí ewúrẹ́ tó sọnù. "Ṣé ìgbà tó wù ọ́ lò ń dé nìyẹn? A ti pè ọ́ títí ọ̀fun wa fi gbẹ!" Kí n tó mọ̀, mo ti wà níwájú àwọn olóyè tó ń dájọ́.

Obìnrin kan wà lórí ìdúró níbẹ̀. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọmọ Emùré ni, pé ọkọ rẹ̀, ará Ìkẹ́rẹ́ tó ń la gẹdú nínú igbó Oǹdó, kì í jẹ́ kí akóòdá rí òun sójú. Kóòtù sì ti sọ fún un pé bí àwọn kò bá rí ọkọ, àwọn kò ní tú wọn ká. Olóyè àgbà nawọ́ sí mi, ó bi í pé, "Ṣé Eyínfúnjowó rẹ nìyí?"

Obìnrin náà wò mí. Ó wo olóyè. Ó gbé ojú sókè bí ẹni ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ó ní, "Òun ni."

"Ẹ̀yin olóyè..." ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Dọ̀bálẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀!"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, tèmi ti ẹ̀wù funfun. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti ní, "Èmi kọ́ ni Eyínfúnjowó." Ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Olóyè àgbà ní, "Bí gbogbo wọn ṣe ń wí nìyẹn. Ọkọ tó wá ṣáájú èyí ní àbúrò ara òun ni òun." Olóyè kejì ní kí wọ́n jẹ́ kí n la ẹnu. Akóòdá gbé àgbọ̀n mi sókè. Ẹ sì wò ó, kò sí ohun tí mo fi ń yangàn bí eyín mi, orín àtà ni mo ń fi fọ̀ ọ́ láràárọ̀. Àwọn olóyè ń bẹ̀rẹ̀ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. "Eyínfúnjowó mà ni lóòótọ́!" ni wọ́n ń wí.

Mo lọgun pé, "Wolé-wolé ni mí ní Ìsẹ̀!"

"Ulé ta ni o ń wò?" ni olóyè àgbà dáhùn. "Ulé tìrẹ dàrú, o wá ń wo ulé ẹlòmíì!"

Wọ́n ní kí obìnrin náà rojọ́. Ó ní ọkọ òun kì í bọ́ òun, kò mọ ilé bàbá òun mọ́, kì í bèèrè bóyá òun sùn tàbí òun jí. Wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo rò ó pé òtítọ́ ni yóò yọ mí. Mo ní, "Òótọ́ ni. N kò bọ́ ọ rí. N kò mọ ilé bàbá rẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀."

Omi lé sójú olóyè àgbà. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń dájọ́, n kò rí ọkùnrin tó jẹ́wọ́ tó báyìí. Ẹni yìí ti ronú pìwà dà. A kò tú yín ká! Bá a lọ sí Emùré lónìí, dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, kí o mú un padà sí ulé." Obìnrin náà figbe ta, "Mo gbé!" Èmi náà figbe ta. Wọ́n ní igbe ayọ̀ ni. Akọ̀wé kóòtù ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti lù ú lóǹtẹ̀, ó sì fi ìwé ìlàjà lé mi lọ́wọ́.

Akóòdá sìn wá dé inú lọ́rì, ó gbé agbọ̀n obìnrin náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún dẹ́rẹ́bà pé a kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ àfi ní Emùré. Ni èrò ọkọ̀ bá ń kí wa: "Ẹ kú ìlàjà o! Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀ mọ́!" Ìyá àgbà kan, ọmọ ìjọ wa ní Ìsẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aya. Obìnrin Emùré rọra sọ sí mi létí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé wọ́n á kàn tú wa ká ni, kí oníkálukú máa lọ."

Àdùkẹ́ ti ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ Ìsẹ̀. Bí mo ṣe dìde pé kí n bọ́ sílẹ̀, èrò ọkọ̀ fà mí lẹ́wù. "Ó tún fẹ́ sá!" Àdùkẹ́ bèèrè pé, "Ta nìyẹn?" Ìyá àgbà náà dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀ pé, "Ìyàwó rẹ̀ ni o, kóòtù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà wọn." Ojú Àdùkẹ́ yí padà. Mo ti ń wo oníkòkó Ọ̀run lọ́kàn mi, tó ń rẹ́rìn-ín. Ká má parọ́, ẹkún ló gbọ̀n mí.

Obìnrin Emùré ló gbà mí. Ó fò bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú Àdùkẹ́, ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àdùkẹ́ ní, "Kí lẹ ní ọkọ yín ń jẹ́?"

"Eyínfúnjowó."

"Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ńkọ́?"

Obìnrin náà kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ni Àdùkẹ́ bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí Ìkẹ́rẹ́. Àdùkẹ́ sọ orúkọ ọkọ rẹ̀ àná sí obìnrin Emùré létí, òun náà sọ ti ọkọ tirẹ̀ sí Àdùkẹ́ létí. Ẹnì kìíní-kejì wá bá ara wọn pè é fún akọ̀wé, nítorí kò sí èèwọ̀ nínú orúkọ ọkọ ọlọ́kọ. Wọ́n rí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ Àdùkẹ́ kíá, wọ́n sì da ìwé rẹ̀ kọ fún wa. Ó ku tèmi. Olóyè àgbà kò fẹ́ kí ìlú gbọ́ pé òun fa ìyàwó oníyàwó fún àlejò. Ó ní ohun tí kóòtù bá so, kóòtù náà ni yóò tú u. Ó ní kí n dúró. "Eyínfúnjowó, ṣé o gbà ká tú yín ká?" Mo wo obìnrin Emùré, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó ń bẹ̀ mí. Mo ní mo gbà, wọ́n sì kọ ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tèmi fún mi. Bí èmi tí n kò gbéyàwó rí ṣe kọ ìyàwó nìyẹn.

Kátíkíìsì gba ìwé méjèèjì. Ó ka ti Àdùkẹ́, ó ka tèmi, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó tún ku òmíràn?"

Ó kéde wa lọ́jọ́ Sunday náà. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí kò fi yẹ ká so wá pọ̀, kó sọ ọ́. Ìyá àgbà inú lọ́rì dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Ìyàwó rẹ̀ ti Emùré ńkọ́?" Kátíkíìsì gbé ìwé mi sókè kí gbogbo ìjọ lè rí i, ó ní, "Ó ti kọ̀ ọ́, Mama."

Mo fẹ́ Àdùkẹ́, mo dúpẹ́. Ohun tí mo fi kọ́gbọ́n ni pé kí èèyàn tó sọ ohun tó bá wá sí kóòtù, kó kọ́kọ́ bèèrè ẹjọ́ tí wọ́n ń dá lọ́wọ́. Títí dòní, àwọn kan wà ní Ìsẹ̀ tí wọ́n ń pe Àdùkẹ́ ní ìyàwó mi kejì. Ó máa ń bí mi nínú, n ó sì tún bú sẹ́rìn-ín, nítorí Àdùkẹ́ kì í bá wọn jiyàn. Ó ní kí wọ́n máa wí lọ, pé nínú gbogbo ìyàwó kejì ìlú náà, òun nìkan ni ìyálé kò dà láàmú rí.