Ìkéde Lórí Ọmọ Tí A Ó Kà Mọ́ Ewúrẹ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Arójò, onílé àti ayálégbé! Ẹni tó ń wẹ̀ kó fi ọṣẹ sílẹ̀ ná! Baálẹ̀ kí yín. Lẹ́yìn ìkíni, ó ní inú ń bí òun.

Ẹ̀yin náà mọ Òjébísí, ọlọ́sìn ewúrẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Odò. Bí dókítà ẹran bá ti wọ̀lú, òun ní í sáré lọ pè é. Gbogbo ewúrẹ́ rẹ̀ ló ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òbúkọ gbà á. Àgùntàn aládùúgbò tó kàn yà wá jẹ èèpo iṣu gbà á! Òjébísí kì í béèrè ohun tó wà nínú ìgò. Bí ara ẹran bá gbóná lọ́jọ́ kejì, á ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́, á sì lọ jẹun.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Nọ́ọ̀sì Tẹ́níọlá dé láti fún Ayọ̀ká, ọmọ rẹ̀ tó pé oṣù mẹ́sàn-án, ní abẹ́rẹ́ èèyi, Òjébísí gbé ọmọ sá wọ ọgbà ewúrẹ́, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Ó ní òun gbọ́ pé abẹ́rẹ́ ń pa ọmọ. Lẹ́nu ta? Kò mọ̀. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Àkọ́bí rẹ̀ ni, ojú wọn sì rí màbo kí wọ́n tó rí i bí. Bẹ́ẹ̀, èèyi ti wọ abúlé kejì, ó ń jà láti ilé dé ilé.

Nítorí náà, Baálẹ̀ pàṣẹ!

Èkíní: Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kọ abẹ́rẹ́ fún, a ó kà á mọ́ ewúrẹ́, kó lè rí ìtọ́jú tí ewúrẹ́ ń rí nínú ilé náà.

Èkejì: Ibà kékeré tó bá tẹ̀lé abẹ́rẹ́, àlejò Baálẹ̀ ni. Yóò sùn ọjọ́ kan tàbí méjì, yóò lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ké ìbòsí lé e lórí! Bó bá kọ̀ tí kò lọ, tàbí tó le ju bó ti yẹ lọ, ẹ gbé ọmọ wá fún nọ́ọ̀sì kíá.

Ẹ̀kẹta: Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tún sọ fọ́mọ pé, bó bá sunkún, nọ́ọ̀sì á gún un. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń fi abẹ́rẹ́ dẹ́rù ba ọmọ. Ẹ̀rù náà ló padà wá mú ẹ̀yin gan-an. Ẹ̀yin gan-an! Ẹni tó bá tún sọ ọ́, òun la ó gún, níwájú ọmọ náà.

Ẹ̀kẹrin: Bàbá ni yóò gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń gún un. Bàbá tó bá dákú, ìyàwó rẹ̀ láṣẹ láti máa ròyìn rẹ̀ títí ọdún á fi yí.

Ẹ̀karùn-ún: Ìbéèrè ò lẹ́bi. Ẹ bi nọ́ọ̀sì. Ọmọ tirẹ̀ náà ti gbà á. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ jókòó díẹ̀ kó fojú wo ọmọ.

Lẹ́nu ọgbà Òjébísí la ti kọ́kọ́ ké àṣẹ yìí láàárọ̀. Kò ṣílẹ̀kùn. Mọ́rẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, wo àwọn ewúrẹ́ látorí ọgbà, ó wo ọmọ, ó ní, "Bàbá Ayọ̀ká, èwo lẹ fẹ́ràn jù nínú wọn?"

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tó dé inú Òjébísí, ó di odindi. Ó ṣílẹ̀kùn. Ayọ̀ká ti gba abẹ́rẹ́. Ó ké, ó mu ọmú, ó sùn lọ. Bàbá rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń fún lómi.

Iṣẹ́ tí a rán akéde ló jẹ́, kò bù kún un. Ẹni tó gbọ́, kó gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ẹni tí ẹ̀rù ṣì ń bà, kó gbé ẹ̀rù náà wá pẹ̀lú ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní àga fún méjèèjì.