Òkúta Tó Di Katakata Mú

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà ilẹ̀ wa fi ń pa á lówe pé a kì í gbé òkúta láì bi í pé kí ló dì mú? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, irọ́ ló ń pa, nítorí pé inú agbo ilé yìí ni òwe náà ti wá, ojú mi yìí ló sì ṣe. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ máa bó ẹ̀pà kó máa bó o, ṣùgbọ́n kó má da èèpo sílẹ̀ fún mi gbá.

Nígbà yẹn, bàbá yín àgbà ń wa katakata kan tó jẹ́ ti ẹbí. Ọdẹ́tọ́lá ni orúkọ bàbá yín àgbà. Ẹ má lọ sọ fún un pé mo pè é lórúkọ. Pupa ni katakata náà nígbà tó dé, ṣùgbọ́n lásìkò tí mò ń wí yìí, ó ti dípẹtà débi pé téèyàn bá fi aṣọ funfun kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ á dà bí èyí tí wọ́n rẹ sínú epo pupa. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Búréèkì ọwọ́ rẹ̀ ti kú ṣáájú bátìrì. Ohun tó kù láàyè níbẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì àti sùúrù ọkọ mi.

Láràárọ̀, kó tó run orín, á ti bu omi sí rádíétọ̀. Á yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì, á nù ún, á tì í bọ̀ ọ́, á tún yọ ọ́ wò, bí ìyá tó ń fọwọ́ kan iwájú ọmọ tó ní ibà. Á wá mú gírísì, á fi pa gbogbo oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá Dúnmọ́mi, nígbà wo lẹ máa fi gírísì pa orúnkún tèmi náà?"

Ó ní, "Orúnkún tìẹ ò tíì máa dún."

Nítorí pé bátìrì ti kú, orí òkè ló máa ń gbé katakata sí. Ẹ mọ ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, tó dà lọ sísàlẹ̀ sí oko Ìdí-Igbá. Á kọ orí rẹ̀ sísàlẹ̀, á sì fi òkúta há táyà iwájú. Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, wọn á yọ òkúta, katakata á máa yí lọ, tó bá ti ń sáré díẹ̀, á ki í sí jíà, ẹ́ńjìnnì á jí. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́dún náà, omi wọ inú dísẹ́ẹ̀lì. Katakata kú sí ìdajì ọ̀nà, ọkùnrin méjìlá ló fi okùn fà á padà sórí òkè, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó ṣe tán láti fà á lẹ́ẹ̀kejì. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àgbàdo àwọn ará ilé kejì ti yọ létí. Oko Ìdí-Igbá tiwa ṣì jẹ́ koríko àti ejò.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti sú Baálé wa, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó pe gbogbo ẹbí jọ, ó ní, "Bí ọjọ́ Ẹtì bá fi kọjá tí irin yìí ò tíì túlẹ̀ Ìdí-Igbá, màá pe onírin kó wá gé e kó lọ."

Ọkọ mi kàn gbé ọwọ́ lé orí katakata. Mo mọ̀ nínú mi pé tí wọ́n bá gé nǹkan yẹn, wọ́n gé ọkọ mi náà nìyẹn. Ọkùnrin tí kò mọ̀ ju katakata lọ, kí lẹ fẹ́ kó máa fi gírísì pa lówùúrọ̀? Àga ni?

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń tú u. Ó da dísẹ́ẹ̀lì olómi nù, ó fọ táńkì, ó pààrọ̀ asẹ́, ó rọ dísẹ́ẹ̀lì tuntun sí i, ó fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ọ̀nà epo jáde. Irin ìtúlẹ̀ tó wà lẹ́yìn katakata, ó fi ṣéènì so ó rọ̀ sókè kó má baà wọ́lẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ní, "Ìyá Dúnmọ́mi, mo ti ṣe é tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màá dán an wò. Tí ò bá jí, ó parí." Ó mú kànìnkànìn àti ọṣẹ, ó so tówẹ̀lì mọ́dìí, ó ní òun ń lọ wẹ̀ lódò ìsàlẹ̀ oko, pé òun ò lè fi ara elépo bẹ ẹ́ńjìnnì.

Kò tíì pẹ́ tó lọ ni Baálé yọ pẹ̀lú onírin. Síkírù lorúkọ onírin náà, ará ìlú ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ó mú òòlù kékeré kan dání.

Baálé ní, "Ìyàwó, ọkọ ẹ dà?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Wọ́n lọ wẹ̀ lódò, Bàbá."

"Ṣé òun lòjò yóò gbìn ni, tó fi ń wẹ̀?"

"Bàbá, ọ̀la ṣáà ni ọjọ́ Ẹtì."

"Mo mọ̀. Mo ní kó wá wò ó sílẹ̀ ni."

Síkírù ti ń wo katakata láti ọ̀ọ́kán bí alápatà tó rí màlúù. Ó ní, "Irin gidi ni, Baálé. Ọ̀nà mẹ́jọ la máa gé e sí."

Mo rò ó wàràwàrà pé onírin tó bá ń jẹun kò ní í lu irin. Mo ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí n gún iyán díẹ̀." Baálé ò kọ iyán rí. Wọ́n jókòó.

Mo gbé iṣu kaná. Bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hó, mo gbọ́ 'pẹ́' lábẹ́ ìkòkò: ọ̀kan nínú òkúta ààrò mi ti là sí méjì. Ìkòkò fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀. Mo yára fi ọwọ́ kan dì í mú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò méjì ńkọ́? Mo fi ìtì igi gbé ìkòkò náà ró, mo sáré bọ́ síta láti wá òkúta.

Mo wo ọ̀tún, kò sí. Mo wo òsì, mo rí òkúta kan tó ṣe rẹ́múrẹ́mú, tó ga ní ìwọ̀n ààrò gẹ́lẹ́, tó kàn jókòó síbẹ̀ tí ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọjọ́ kẹrin rèé tí katakata ò ti kúrò lójú kan. Adìẹ mi kan tilẹ̀ ti ń sàba lábẹ́ rẹ̀. Mo ti ń wò ó bí ilé, ta ní í fi òkúta há ilé? Táyà ti wọ kòtò díẹ̀, òkúta ò sì há tó bẹ́ẹ̀, mo mì í lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ̀lé mi. Adìẹ náà gbé orí sókè, ó wò mí. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n mi ò dúró. Mo fi òkúta sí ààrò, ìkòkò jókòó dáadáa, mo yin ara mi.

Síkírù ò ní sùúrù. Ó dìde, ó ní kí òun lu irin díẹ̀ kí iyán tó dé. Mo gbọ́ tí òòlù ń dún, kàn, kàn. Lẹ́yìn náà ó gun orí katakata, ó jókòó, ó di sitíárìn mú, ó ń mì í. Ó ní, "Baálé, ẹ wò ó, òkú ni. Kò tilẹ̀ mira."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni táyà gùn jáde nínú kòtò rẹ̀.

Kò sáré ní ìbẹ̀rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń lọ, débi pé Síkírù ò mọ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Baálé, kí ló dé tí ilé yín ń sún sẹ́yìn?"

Baálé ní, "Ilé wa ò lọ síbì kan, Síkírù. Ìwọ lò ń lọ."

Mo yọjú láti ilé ìdáná. Mo rí adìẹ mi tó jókòó sórí ẹyin rẹ̀ ní gbangba, bí ẹni tí wọ́n ṣí òrùlé ilé rẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni ọpọlọ mi padà dé. Mo wo òkúta tó wà lábẹ́ ìkòkò, mo wo katakata, mo ní, "Mo ti kó bá ara mi."

Katakata ti wá ń sáré. Ó gba orí àpáta tí mo sá èlùbọ́ sí, èlùbọ́ sì gbéra nílẹ̀ bí ìkùukùu. Síkírù funfun láti irun dé bàtà. Ó já okùn aṣọ mi gbà, ṣòkòtò Baálé tí mo fọ̀ lánàá fò lọ kọ́ páìpù èéfín, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Baálé ń sáré lẹ́yìn wọn, ó ń pariwo pé, "Síkírù, ṣòkòtò mi!" Kò pe Síkírù nítorí Síkírù.

Ọkọ mi ń bọ̀ láti odò, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀ méjèèjì. Ó gbójú sókè, ó rí katakata rẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú àsíá, ẹni funfun kan sì wà lórí rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé ìjọba ló dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ tí ẹni funfun náà ń pe ìyá rẹ̀, ó mọ̀ pé kì í ṣe ìjọba. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Fi ẹsẹ̀ òsì tẹ irin tó wà nísàlẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀."

Síkírù ní, "Òsì ta ni?"

"Òsì tìẹ ni. Tẹ̀ ẹ́. Ó dáa. Ti ọ̀pá àárín yẹn síwájú."

"Ó le."

"Tì í bí ẹni tó fẹ́ padà rí ìyàwó rẹ̀."

Síkírù tì í. Ó wọlé.

"Gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò báyìí."

Ó gbé e. Katakata fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n gbá nídìí. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá pọ èéfín dúdú kan jáde tó gba inú ẹsẹ̀ ṣòkòtò Baálé méjèèjì kọjá, ó sì jí, gbù-gbù-gbù-gbù, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ibi tí ọ̀nà ti pàdé oko, gọ́tà kan wà níbẹ̀. Katakata fò ó, ṣéènì já, irin ìtúlẹ̀ já lulẹ̀, ó sì bu ilẹ̀ jẹ. Bí Síkírù onírin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í túlẹ̀ oko Ìdí-Igbá nìyẹn, òun tó wá gé katakata sí ọ̀nà mẹ́jọ. Ilẹ̀ mú irin, katakata dẹwọ́ eré, ọkọ mi sì rí àyè gùn ún. Síkírù bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì fi ìdí jókòó sínú poro tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo kà wọ́n láti ibẹ̀: ọkọ mi wà, Síkírù wà, Baálé wà, adìẹ wà, ẹyin rẹ̀ pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gọ́tà.

Ọkọ mi ò pa ẹ́ńjìnnì yẹn títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní tí òun bá pa á, ta ló mọ̀ bóyá yóò jí? Tówẹ̀lì ti já sọ́nà, ó fa ṣòkòtò Baálé yọ lórí páìpù, ó wọ̀ ọ́, èéfín inú rẹ̀ àti gbogbo, ó ń túlẹ̀ lọ.

Mo gún iyán, mo gbé ọbẹ̀ ẹran sórí ààrò. Síkírù jẹ òkèlè mẹ́fà kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá, mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan. Kí ló di katakata yẹn mú tẹ́lẹ̀?"

Mo ní, "Òkúta ni."

"Òkúta náà dà?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ó wà lábẹ́ ọbẹ̀ tí ẹ ń jẹ yìí."

Síkírù gbé òkèlè kalẹ̀. Baálé yíjú sí mi. Mo ti múra àtidọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Baálé wá wo ìsàlẹ̀, níbi tí oko Ìdí-Igbá ti ń dúdú lọ ní poro-poro, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Síkírù, jẹun, kó o máa lọ sílé ẹ. Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì, irin wa sì ń túlẹ̀. Ìwọ ìyàwó, a kì í gbé òkúta láì bi í pé kí ló dì mú."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pa á. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé òwe ni, mo rò pé èébú ni, àfìgbà tó di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi dé, ó dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti túlẹ̀ tán. Ó ti gbé katakata padà sórí òkè, Rábíù ọmọ ilé kejì ń fẹ̀yìn tì í, kó má baà yí. Ó ní kí n fún òun ní òkúta òun kíá.

Mo ní kó lọ mú u nílé ìdáná. Ó wọlé, ó na ọwọ́ sí ààrò. Ó wá dúró. Ó fa ọwọ́ padà, ó lóṣòó, ó bi òkúta náà jẹ́jẹ́ pé, "Òkúta, kí lo dì mú?"

Mo bá a dáhùn. Mo ní, "Odindi ìkòkò ọbẹ̀ ẹran ni, Bàbá Dúnmọ́mi, ó sì ń hó."

Ó wo ọbẹ̀. Ó wo ìta, níbi tí Rábíù ti ń ké pé ẹ̀yìn òun ń kán lọ. Ó ní, "Gbé abọ́ wá, Ìyá Dúnmọ́mi. Ká yára jẹ ẹ́ tán."

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi, tí àwọn àgbà fi ń sọ ọ́, èmi náà sì wà nínú àgbà: a kì í gbé òkúta láì bi í pé kí ló dì mú.