Mo-Mọ̀-Wọ́n Gba Àlejò Ìjọba Níléèwé

Bẹ́ ẹ bá ń wá ọkùnrin tí kò lè sọ pé "mi ò ní" láyé ẹ̀, ẹ má wá a jìnnà, àbúrò ọkọ mi ni. Kébi máa pa á, á ní oúnjẹ ló sú òun. Kí bàtà ẹ̀ já, á ní ṣe lòun ń fún ẹsẹ̀ òun ní atẹ́gùn. Kò sì sí ọ̀gá kan nínú ìjọba tí kò ní sọ pé òun mọ̀. Ẹ dárúkọ mínísítà: "Mo mọ̀ wọ́n." Ẹ dárúkọ awakọ̀ mínísítà: "Ti àná yẹn? Mo mọ̀ wọ́n." Bí gbogbo abúlé ṣe sọ ọ́ ní Mo-Mọ̀-Wọ́n nìyẹn. Èmi ń pè é ní ọkọ mi, torí ìyàwó ilé ni mí. Òun náà ń pè mí ní ìyàwó, bí orí mi ṣe funfun tó yìí.

Iléèwé wa, yàrá kan ṣoṣo ló kù tó ṣeé jókòó sí, òrùlé ẹ̀ sì ti lu bí ajere. Tójò bá ti ṣú báyìí, wọ́n á ní káwọn ọmọ máa lọ sílé. Ọmọ-ọmọ mi ò mọ̀ ju A, B, D lọ, ilé ló sì ń jókòó sí, ó ń bá mi jà lórí àga.

La bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fún àwọn iléèwé ìgbèríko lówó àtúnṣe, pé obìnrin òṣìṣẹ́ kan ń bọ̀ wá fojú ara ẹ̀ wo tiwa. Inú wa dùn. Àṣìṣe wa kan ni pé Mo-Mọ̀-Wọ́n ni alága ìgbìmọ̀ òbí. A fi í joyè yẹn kó lè dákẹ́ ni. Kò dákẹ́.

Mo lọ bá a. "Ọkọ mi, mú obìnrin náà lọ dúró sábẹ́ ibi tó ń jò, kó o pa ẹnu ẹ mọ́. Iṣẹ́ ti parí nìyẹn."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ ọwọ́. "Ìyàwó, o ò mọ ìjọba. Ìwọ náà, ṣé wàá yá ẹni tó wọ àkísà lówó? Ẹni tó bá ti ní ni wọ́n ń fún. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tí ọjọ́ náà máa fi pé, ó ti yá kọ́tìnnì lọ́wọ́ télọ̀, ó ti yá kọ̀ǹpútà tó ti kú lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ó sì ti gbé àga onígbàjámọ̀, èyí tó ń yí bírí yẹn. Ó ní àga ọ̀gá tíṣà nìyẹn. Ọ̀gá tíṣà wa ò tóbi. Bó ṣe jókòó báyìí, àga yí i, ó kọjú ẹ̀ sí ògiri.

Obìnrin ìjọba dé pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. "Ẹ kú ilé o. Kí ni ìṣòro yín níbí?"

"Ìṣòro kẹ̀?" Mo-Mọ̀-Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kọ́kọ́ wo kọ̀ǹpútà wa ná."

Obìnrin náà fọwọ́ kàn án. Aláǹgbá kan yọrí lẹ́yìn ẹ̀, ó mirí fún gbogbo wa, ó sá lọ.

"Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko nìyẹn," ni ọkọ mi wí. Ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ ṣẹ́!

Kò pẹ́ ni onígbàjámọ̀ já wọlé. "Alága, àga mi dà? Oníbàárà mi ti fẹ́ máa lọ!" Oníbàárà ọ̀hún wà lẹ́yìn ẹ̀ lóòótọ́. Apá kan orí ẹ̀ ń dán, apá kejì dà bí igbó.

Mo ní ó parí. Ó parí fún ta? "Iléèwé wa ní onígbàjámọ̀ tiẹ̀," ni Mo-Mọ̀-Wọ́n wí. "A ò fẹ́ kí irun ọmọ kún."

Obìnrin náà wo irùngbọ̀n oníbàárà. "Kíláàsì wo lèyí wà?"

"Kíláàsì kẹfà. Ọpọlọ ẹ̀ ò tètè jí ni."

"Ọpọlọ ta ni ò jí?" Onígbàjámọ̀ ló fa oníbàárà ẹ̀ jáde kó tó di ìjà.

Ibẹ̀ lòjò ti bẹ̀rẹ̀. Ara mi balẹ̀, mo ní Ọlọ́run ti fẹ́ bá wa sọ ọ́. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ síwájú orí obìnrin náà, tó! Kẹ́nikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ti dìde bó ṣe mọ́ wọn lára. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti báàfù sábẹ́ ibi tó ń jò, wọ́n kó ìwé sábẹ́ aṣọ, wọ́n sì dúró wámúwámú. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn.

"Kí lèyí?" lobìnrin náà bèèrè.

Ọ̀gá tíṣà lanu. Mo-Mọ̀-Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. "Eré ìdárayá ni. Omi yẹn náà, àwa la ṣètò ẹ̀. Ooru ń dà wọ́n láàmú, la bá ní kó máa kán sí wọn lórí díẹ̀díẹ̀."

Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Mo wúkọ́ débi pé obìnrin náà fún mi lómi mu.

"Bàbá alága," ló wá wí, "ẹnu yín ni mo gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Ṣé òótọ́ ni pé kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ kíjọba bá yín ṣe? Òrùlé ńkọ́?"

"Òrùlé? Èmi nìkan tó o! Kí làwọn ọmọ yìí fẹ́ tí mi ò ní lè ṣe?"

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Iléèwé kan ṣoṣo lowó yìí máa kàn lágbègbè yìí, èyí tíyà ń jẹ jù. Lábúlé tí mo ti ń bọ̀, alága wọn gun òrùlé, ó ń sunkún, ó sì ń juwọ́ sí mi látinú ihò. Àwọn ni mo máa fún."

Ẹ wo eré! Mo-Mọ̀-Wọ́n sá tẹ̀ lé ọkọ̀ ẹ̀ nínú òjò. "Ìyá mi! A ò ní nǹkan kan! Télọ̀ ló ni kọ́tìnnì! Kọ̀ǹpútà ti kú! Òtòṣì paraku ni wá!"

Obìnrin náà sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, omi sì lé ròrò sójú ẹ̀. "Ẹ wo bí bàbá olówó ṣe ń rẹ ara wọn sílẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Irú yín ò pọ̀ mọ́." Ló bá wakọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tójò tún rọ̀, ọ̀gá tíṣà ní káwọn ọmọ máa lọ sílé. Mo ní ilé ta ni? Àwa ìyá gbé bẹ́ǹṣì lérí, àwọn ọmọ tẹ̀ lé wa, ó di pálọ̀ Mo-Mọ̀-Wọ́n.

"Ìyàwó, kí lèyí?"

"O ní ìwọ nìkan tó. Sún kúrò lọ́nà."

Ìyàwó ẹ̀ gan-an ló bá wa ká rọ́ọ̀gì. Ibẹ̀ niléèwé wà títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Tójò bá ń rọ̀, ìta, lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rò, ni baálé ilé ń dúró sí.

Mo bá a níbẹ̀ lánàá, fóònù létí, ó ń pariwo: "Bẹ́ẹ̀ ni! Iléèwé tèmi! Inú ilé mi ló wà, èmi ni mo ni ín! Èmi ni ọ̀gá wọn pátápátá!"

Ọ̀gá tíṣà ò yọjú. Inú pálọ̀ ló ti jágbe: "Ta ló ń pariwo lábẹ́ fèrèsé yẹn? Kúnlẹ̀ síbẹ̀, kó o nawọ́ sókè!"

Ọkọ mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rọra ki fóònù bọ àpò, ó sì kúnlẹ̀.